Ìdánwò tí orin tuntun àwọn àgbà olórin rọ́ọ̀kì kò lè yege láé

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Mo bẹ̀ yín, ẹ fún mi láyè díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan tó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn wa tó ń gbé ní Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba, tí wọ́n máa ń gbọ́ rédíò nínú mọ́tò bí wọ́n bá ń lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n ní àwọn àgbà olórin rọ́ọ̀kì ti dákẹ́, pé orin tí wọ́n ṣe nígbà tí irun orí wọn ṣì dúdú ni wọ́n ń jẹ títí dòní. Irọ́ gbáà ni. Paul McCartney gbé àwo Egypt Station jáde ní oṣù kẹsàn-án 2018, nígbà tó ti di ẹni ọdún 76, ipò kìíní ló sì bọ́ sí lọ́sẹ̀ tó jáde lórí àtẹ Billboard, tí wọ́n fi ń to àwo tó tà jù ní Amẹ́ríkà. Bob Dylan ti ṣe irú rẹ̀ ní 2006 lẹ́ni ọdún 65, ó tún ṣe é ní 2009. Tom Petty ń kọrin láti àárín ọdún 1970, ṣùgbọ́n kò dé ipò kìíní rí àfi ní 2014, ọdún mẹ́ta kó tó jáde láyé. Àwọn AC/DC ta ju àwo 780,000 lọ ní Amẹ́ríkà láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ní 2008. Ẹni tó dákẹ́ kì í ta irú ọjà bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá yí rédíò sí ilé iṣẹ́ oníṣòwò tó ń lo orin irú wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní classic rock, ní ìlú ńlá èyíkéyìí ní Amẹ́ríkà. Ẹ ó gbọ́ McCartney dáadáa, ti 1973 ni. Ẹ ó gbọ́ Petty, ti 1979 tàbí ti 1989 ni. Ti 2018 àti ti 2014 ńkọ́? Ẹ lè fetí sí i láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kí ẹ má gbọ́ ọ. Ti McCartney 1973 yẹn kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, torí pé Èkó ni wọ́n ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú àwo náà sílẹ̀, ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ EMI tó wà ní Wharf Road, Àpápá, tí wọ́n sì ṣe orin kan nínú rẹ̀ ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ tí onílù Ginger Baker kọ́ sí Ìkẹjà. Inú mi máa ń dùn bí mo bá gbọ́ ọ lórí afẹ́fẹ́. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ọkùnrin tó ṣe é ṣì ń ṣiṣẹ́, àwọn tó ń fi orin rẹ̀ pa owó sì ń ṣe bí ẹni pé ó ti kú.

Àwọn kan rò pé ìkórìíra àgbàlagbà ló fà á. Àwọn mìíràn ní orin tuntun wọn kò dára ni. Ohun tí mo mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí ni pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yan orin ló fa gbogbo rẹ̀. Wọ́n ń fi orin ṣe ìdánwò, ìdánwò náà sì jẹ́ irú èyí tí orin tuntun kò lè yege.

Bó ṣe rí nìyí. Wọn a kó bí ọgọ́rùn-ún olùgbọ́ jọ sínú gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì, àwọn tí ọjọ́ orí wọn bá ohun tí ilé iṣẹ́ náà ń wá mu, wọn a sì fún wọn ní owó díẹ̀. Wọn a wá máa fi ègé orin sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú àáyá 7 sí 10 péré fún orin kan. Ibi tó dùn jù nínú orin ni wọ́n ń gé, ègbè rẹ̀ ni lọ́pọ̀ ìgbà, tàbí ibi tí gìtá ti bẹ̀rẹ̀ bí gbogbo ayé bá mọ gìtá náà. Orin ọgọ́rùn-ún lọ́nà mélòó kan ni wọ́n máa ń gbọ́ ní ìjókòó kan náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á fún orin ní máàkì láti 1 dé 5, tàbí kó fàmì sí i pé òun kò mọ̀ ọ́n, tàbí pé ó ti sú òun. Lóde òní, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀, àmọ́ ìlànà náà kò yí padà. Èsì tó bá jáde ni ọ̀gá ètò orin yóò fi to àkójọ orin rẹ̀ fún oṣù mélòó kan tó ń bọ̀.

Ìṣẹ́jú àáyá méje tó fún ẹni tó ti mọ orin kan láti ogójì ọdún wá. Kí ègé náà tó parí ló ti ń bá a kọ ọ́. Kò tó fún ẹni tí kò gbọ́ ọ rí láti mọ ohunkóhun. Ó dà bí kéèyàn ṣí ìdérí ìkòkò ọbẹ̀ kó tún dé e padà kíá, kó wá bi oníbàárà bóyá iyọ̀ rẹ̀ tó. "Mi ò mọ̀ ọ́n" ni gbogbo wọn yóò fàmì sí. Ọ̀gá ètò orin á wo èsì, á rí i pé orin tuntun náà wà nísàlẹ̀ pátápátá, á yọ ọ́ dànù. Nítorí pé ó yọ ọ́, àwọn olùgbọ́ kò ní gbọ́ ọ. Nítorí pé wọn kò gbọ́ ọ, wọn kò ní mọ̀ ọ́n nígbà ìdánwò tó ń bọ̀.

Ohun tó fi hàn pé àwọn oníṣẹ́ rédíò mọ àléébù yìí dáadáa ni bí wọ́n ṣe ń ṣe sí orin àwọn ọ̀dọ́. Ní ilé iṣẹ́ tó ń lo orin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, wọn kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè nípa orin tuntun títí wọ́n á fi gbé e sáfẹ́fẹ́ bí ọgọ́rùn-ún ìgbà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n mọ̀ pé etí nílò àkókò. Sùúrù yẹn ni wọn kì í ní fún McCartney.

Ìlànà classic rock fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ di òfin. Ní 1985, agbaninímọ̀ràn kan tó ń jẹ́ Fred Jacobs bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní WMMQ, ìlú Lansing ní Michigan, ọ̀kan lára àwọn ilé iṣẹ́ tó kọ́kọ́ gbé irú ètò bẹ́ẹ̀. Èròńgbà rẹ̀ ṣe kedere: orin tí àwọn olùgbọ́ ti mọ̀ nìkan, kò sí tuntun. Ó mú owó wọlé lọ́pọ̀lọpọ̀, ó sì tàn ká gbogbo Amẹ́ríkà. Èmi kò bá a jà lórí ìyẹn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni pé ní 1985, orin 1975 kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, àwọn ilé iṣẹ́ rọ́ọ̀kì mìíràn sì wà nílùú kan náà tí wọ́n ń lo orin tuntun àwọn olórin kan náà. Àwọn yẹn ti kú tán tàbí kí wọ́n ti yí padà sí orin àwọn ọ̀dọ́. Ilé tó kù fún àwọn àgbà kò ní yàrá fún iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lónìí.

Ẹ̀rọ kan tún dé tó mú kí ẹ̀rù àwọn ọ̀gá ètò orin pọ̀ sí i. PPM ni wọ́n ń pè é, òun ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó ń gbọ́ rédíò. Arbitron, ilé iṣẹ́ tó ń ka iye olùgbọ́ rédíò, ló gbé e jáde, kí ilé iṣẹ́ Nielsen tó rà á ní 2013. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, ó kéré bíi pager ayé ọjọ́un, ẹni tí wọ́n bá yàn á máa so ó mọ́ ìgbànú káàkiri. Ilé iṣẹ́ rédíò máa ń fi àmì kan tí etí èèyàn kò lè gbọ́ sínú ohùn tó ń gbé jáde, ẹ̀rọ náà á sì máa gba àmì yẹn, á máa kọ ọ́ sílẹ̀ láti ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú. Philadelphia ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi í ṣe òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń ta ìpolówó, ní 2007. Kó tó dé, ìwé ni àwọn olùgbọ́ ń kọ ohun tí wọ́n gbọ́ sí, bí ẹnìkan bá sì yí kúrò nítorí orin kan, ilé iṣẹ́ kò lè mọ̀. Ní báyìí wọ́n ń rí i. Fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó di 2025, òfin rẹ̀ ni pé ẹni tó bá gbọ́ ilé iṣẹ́ kan fún ìṣẹ́jú 5 láàárín ìṣẹ́jú 15, gbogbo ìṣẹ́jú 15 náà ni wọ́n á kà sí i lọ́rùn. Lábẹ́ òfin yẹn, orin tuntun tó bá mú olùgbọ́ yí kúrò ní ìṣẹ́jú kẹrin ti gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Àwọn tó ń gbé ẹ̀rọ náà kò sì pọ̀. Bí èèyàn méjì tàbí mẹ́ta nínú wọn bá yí rédíò wọn ní àkókò kan náà, lórí ìwé yóò dà bíi pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló sá. Bóyá tẹlifóònù ló dún tàbí wọ́n ti dé ibi tí wọ́n ń lọ, ẹ̀rọ kò ní sọ. Orin tó wà lórí afẹ́fẹ́ nígbà náà ni yóò jẹ̀bi.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí náà wà níbẹ̀, ibi tí owó ti ń wọlé ló sì ti wọ̀ ọ́. Olùgbọ́ ọlọ́dún 25 sí 54 ni púpọ̀ nínú àwọn olùpolówó ọjà ń sanwó fún. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 1975 ti pé 54 ní 2009. Láti ọdún tó tẹ̀ lé e, kò sí nínú ìṣirò wọn mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun gan-an ló fẹ́ gbọ́ orin tuntun Petty, tó sì lówó láti rà á. Nítorí náà ni àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí fi ń ti àkójọ wọn síwájú díẹ̀díẹ̀, tí orin ọdún 1990 sí 1999 fi ń wọlé, tí ti ọdún 1960 sí 1969 sì ń jáde. Tuntun tí wọ́n ń fi kún un kì í ṣe tuntun. Orin tó ti gbó ní ibòmíràn ni.

Ta ló ń pinnu gbogbo èyí? Kí 1996 tó dé, òfin Amẹ́ríkà kò jẹ́ kí ilé iṣẹ́ kan ní ju ibùdó rédíò 40 lọ ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Òfin ìbánisọ̀rọ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún náà mú ìdíwọ̀n yẹn kúrò, ó sì gba ilé iṣẹ́ kan láyè láti ní tó 8 nínú ìlú ńlá kan. Clear Channel, tó ń jẹ́ iHeartMedia láti 2014, ra ibùdó títí wọ́n fi ju 1,200 lọ. Gbèsè ńlá ni wọ́n fi rà wọ́n, gbèsè sì ní láti di sísan. Wọ́n dá àwọn atọ́kùn ètò dúró, ẹnìkan ṣoṣo á sì jókòó sí ìlú kan, á gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún ìlú mélòó kan tí kò dé rí. Àkójọ orin náà ń ti òkè wá. Àwọn àgbà wa ní a kì í fojú olójú ṣòwò ká jèrè. Atọ́kùn tó mọ̀ pé Petty ṣeré nílùú òun lálẹ́ àná, tó lè gbé orin tuntun kan sí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ni wọ́n mú kúrò. Petty fúnra rẹ̀ rí i tẹ́lẹ̀. Ó ṣe odindi àwo kan ní 2002 tó fi bá wọn wí lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Owó abẹ́lẹ̀ tún wà. Láàárín 2005 sí 2006, agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ New York, Eliot Spitzer, tú àṣírí bí àwọn ilé iṣẹ́ àwo orin ńlá ṣe ń fi owó àti ẹ̀bùn ra ààyè lórí rédíò. Sony BMG san mílíọ̀nù 10 dọ́là, Warner 5, Universal 12. Orin àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ni ilé iṣẹ́ àwo máa ń fẹ́ ná irú owó bẹ́ẹ̀ lé lórí, nítorí àwọn ni wọ́n retí pé yóò san án padà fún ogún ọdún.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń sọ pé orin náà ni kò dára, kó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìlú Ọba. Ní 1998, àwọn tó ń bá àgbà olórin Cliff Richard ṣiṣẹ́ fi orin rẹ̀ tuntun ránṣẹ́ sí àwọn ilé iṣẹ́ rédíò lórúkọ Blacknight. Wọ́n gbé e sáfẹ́fẹ́, kó tó hàn sí wọn pé bàbá tó ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún ló ń kọ ọ́. Èyí tó tún yé mi jù ni ti Mike Peters àti ẹgbẹ́ rẹ̀, The Alarm, ní 2004. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń kọrin. Ó pe ẹgbẹ́ náà ní The Poppy Fields, ó wá àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ń yanu bíi pé àwọn ló ń kọrin nínú fídíò, ó sì fi orin náà ránṣẹ́. Ó wọ ipò 28 lórí àtẹ Ìlú Ọba. Ohùn kan náà ni, gìtá kan náà ni, òǹkọ̀wé kan náà ni. Ojú tó wà lára páálí nìkan ni wọ́n pààrọ̀. Kò sí ìwádìí gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì kankan tó lè fi hàn wá ju èyí lọ.

Carlos Santana, onígìtá, ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, nítorí ọmọ Yorùbá wà nínú ìtàn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Orin tí wọ́n kọ́kọ́ fi polówó àwo àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 1969, ọwọ́ Babátúndé Ọlátúnjí, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Badagry, ni wọ́n ti gbà á. Inú àwo Drums of Passion ni Ọlátúnjí ti kọ́kọ́ lu ú. Ní ọdún 1990 sí 1999, rédíò ti gbàgbé Santana. Clive Davis tó ń darí ilé iṣẹ́ àwo orin Arista nígbà náà gbà á nímọ̀ràn pé kó pe àwọn ọ̀dọ́ olórin wá bá a kọrin. Bí Supernatural ti 1999 ṣe wáyé nìyẹn. Orin rẹ̀ pẹ̀lú Rob Thomas lo ọ̀sẹ̀ 12 ní ipò kìíní, wọ́n sì fún Santana ní àmì ẹ̀yẹ Grammy 8 ní alẹ́ kan. Gìtá rẹ̀ kò yí padà láti 1969. Ohùn ọ̀dọ́ tó wà lórí rẹ̀ ni ilẹ̀kùn fi ṣí. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ní 2019, ó ṣe Africa Speaks pẹ̀lú obìnrin olórin Buika, orin tó kún fún ìlù àti ohùn tó ti ilẹ̀ wa wá, Rick Rubin ló darí rẹ̀. Àwo náà dé ipò kẹta lórí àtẹ Billboard. Kò sí ọ̀dọ́ olókìkí rédíò nínú rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ classic rock padà sí orin rẹ̀ ti 1970 tí wọ́n ti ń lò.

Ọ̀nà tí àwọn olórúkọ ńlá ń gbà ni pé wọ́n ń fi rédíò sílẹ̀. Àwọn Eagles ta àwo wọn ti 2007 ní ṣọ́ọ̀bù Walmart nìkan ní Amẹ́ríkà, ó sì ta 711,000 ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. McCartney ta tirẹ̀ lọ́dún kan náà pẹ̀lú Starbucks, níbi tí wọ́n ti ń mu kọfí. Ní 2020, Dylan kàn gbé orin tó fẹ́ẹ̀ tó ìṣẹ́jú 17 sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìkéde, òun sì ni orin àkọ́kọ́ tó gbé orúkọ Dylan fúnra rẹ̀ dé ipò kìíní lórí àtẹ orin Billboard kankan. Ó dára fún wọn. Ṣùgbọ́n olórin tí orúkọ rẹ̀ kò tó ti Dylan, tó ní orin méjì tí rédíò fẹ́ràn ní 1978, Walmart kò ní dá a lóhùn. Irú wọn ló pọ̀ jù, àwọn ni mo sì ń káàánú.

Mo gbọ́dọ̀ sọ pé ẹ̀bi wà lọ́wọ́ àwọn olórin àti ilé iṣẹ́ àwo wọn náà. Wọ́n á fi orin tí gìtá ti ń dún fún ìṣẹ́jú kan kí ohùn tó wọlé ránṣẹ́ sí rédíò, wọ́n á sì kọ̀ láti gé e. Ìṣẹ́jú àáyá 15 ni kí ohùn ti wọlé. Kí gbogbo orin má sì ju ìṣẹ́jú 4 lọ. Ẹ má bínú sí ìyẹn, kò ba àwo jẹ́: odindi rẹ̀ á wà lórí àwo, gígé rẹ̀ á wà fún rédíò. David Bowie, àgbà olórin Ìlú Ọba, gan-an gé orin àkọ́kọ́ inú àwo rẹ̀ Blackstar kúrò ní ohun tó ju ìṣẹ́jú 11 sí ìṣẹ́jú 9 àti àáyá 57, nítorí iTunes, ṣọ́ọ̀bù orin orí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í ta orin tó bá ju ìṣẹ́jú 10 lọ lọ́tọ̀ nígbà náà. Àṣìṣe kejì ni orin tí wọ́n ń yàn. Ilé iṣẹ́ àwo máa ń mú èyí tó rọ̀ jù, tó dà bí orin ìbànújẹ́, bíi pé àgbàlagbà kò lè kọ ohun mìíràn. Àárín orin méjì tó le ni rédíò máa gbé e sí, á wá dún bíi pé rédíò já. Àṣìṣe kẹta, oṣù kọkànlá ni wọ́n ń gbé e jáde nítorí ọjà Kérésì, nígbà tí ìpolówó gba gbogbo wákàtí tán.

Ọ̀rọ̀ owó olórin tún wà tí àwọn èèyàn wa tó ní àwo ní Amẹ́ríkà yẹ kí wọ́n mọ̀. Rédíò orí ilẹ̀ níbẹ̀ kì í san kọ́bọ̀ fún ẹni tó kọrin. Ẹni tó ṣẹ̀dá orin nìkan ni wọ́n ń sanwó fún, nípasẹ̀ ASCAP tàbí BMI, àwọn ẹgbẹ́ tó ń bá àwọn tó ṣẹ̀dá orin gba owó wọn. Rédíò orí sátẹ́láìtì àti íntánẹ́ẹ̀tì yàtọ̀. Àwọn yẹn ń san fún SoundExchange, tó ń pín in báyìí: ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún fún ẹni tó ni àwo, 45 fún olórin tó gbé orúkọ rẹ̀ síta, 5 fún àwọn tó bá a lulù tàbí gbè é. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀. Ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀, owó rẹ̀ á kàn jókòó síbẹ̀.

Kí ni ilé iṣẹ́ rédíò lè ṣe láìsọ owó nù? Mo fẹ́ kí ọ̀gá ètò orin kan mú bírò kó bá mi ṣírò. Kó mú orin tuntun kan ṣoṣo láti ọwọ́ àgbà olórin tí àkójọ rẹ̀ ti ní orin rẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Kó máa gbé e sí i ní wákàtí 7 àtààbọ̀ síra wọn fún ọ̀sẹ̀ 6. Kó má ṣe fi wákàtí 8 gééré sí i, nítorí ìgbà mẹ́ta kan náà nínú ọjọ́ ni yóò máa bọ́ sí lójoojúmọ́, àwọn èèyàn kan náà ni yóò sì máa gbọ́ ọ. Ọ̀sẹ̀ 6 jẹ́ wákàtí 1,008. Ìgbà 134 ni orin náà yóò wọlé. Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú 4, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 536 nínú ìṣẹ́jú 60,480. Kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn ìgbà 134 yẹn ni kó tó gbé e lọ sínú gbọ̀ngàn ìdánwò.

Ibi tó bá gbé e sí ṣe pàtàkì ju iye ìgbà lọ. Àárín orin méjì tí gbogbo ayé mọ̀ ló yẹ ẹ́, kí èyí tó ṣáájú rẹ̀ sì jẹ́ ti olórin kan náà, kí etí ti mọ ohùn rẹ̀. Kó má ṣe gbé e sí ẹ̀yìn ìpolówó láé. Lẹ́yìn ìpolówó, olùgbọ́ ti na ọwọ́ sí bọ́tìnnì. Orin tí kò mọ̀ ni yóò fi tẹ̀ ẹ́. Kí atọ́kùn dárúkọ olórin, orúkọ orin àti ọdún rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tó bá parí. Kó má ṣe tọrọ àforíjì. Mo ti gbọ́ àwọn atọ́kùn tó ń sọ pé kí olùgbọ́ ṣe sùúrù, orin tí wọ́n mọ̀ ń bọ̀. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ti pa orin náà kó tó dún. Èyí tó sì tún burú ni kí wọ́n gbé e sí i lẹ́ẹ̀kan péré lọ́jọ́ tó jáde, pẹ̀lú ariwo ńlá, kí wọ́n má sì tún un gbé mọ́. Etí kan kò lè mọ orin lẹ́ẹ̀kan.

Pé ó ṣeé ṣe, a ti rí i. Steven Van Zandt, tó ń ta gìtá fún Bruce Springsteen, ti ń ṣe ètò Underground Garage lórí rédíò oníṣòwò láti 2002. Ó máa ń gbé orin àná àti ti òní ka ara wọn lórí, tàgbà tọmọdé. Àwọn ilé iṣẹ́ tí kì í ṣe ti oníṣòwò, irú WXPN ní Philadelphia àti WFUV ti Yunifásítì Fordham ní New York, ń lo orin tuntun àwọn àgbà, nítorí owó tí àwọn olùgbọ́ dá ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, kò sí òfin 25 sí 54 lọ́rùn wọn. SiriusXM, rédíò orí sátẹ́láìtì, fún Petty, Springsteen àti Beatles ní ìkànnì tiwọn. Wọ́n dára, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ràn Petty tẹ́lẹ̀ ló ń sanwó wọ ibẹ̀. Ọmọ ọdún 30 tó kàn ń yí rédíò kiri nínú mọ́tò, tó lè bá orin 2014 pàdé láìmọ̀, rédíò oníṣòwò nìkan ló lè fún un.

Ẹ̀yin èèyàn wa tí ẹ wà níbẹ̀, ẹ má ṣe pe atọ́kùn láti bẹ̀bẹ̀ fún orin. Lọ́pọ̀ ilé iṣẹ́, kò ní agbára láti gbé ohun tí kò sí lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ọ̀gá ètò orin ni kí ẹ kọ̀wé sí, orúkọ rẹ̀ wà lórí ìkànnì ilé iṣẹ́. Ẹ dárúkọ orin kan, ẹ kọ orúkọ àwo àti ọdún rẹ̀. "Ẹ máa lo orin tuntun" kò ní ibi tí yóò kọ ọ́ sí. Bí wọ́n bá gbé e sí i, ẹ lọ sọ fún oníṣọ́ọ̀bù tó polówó lẹ́yìn rẹ̀ pé ẹ gbọ́ ìpolówó rẹ̀, kí ẹ sì sọ wákàtí náà.

Bí Nielsen bá pè yín, ẹ má ṣe já tẹlifóònù sílẹ̀ nítorí ẹ rò pé gbájúẹ̀ ni. Ẹ kò lè fúnra yín yọ̀ǹda láti gbé PPM, àwọn ló ń yan ilé. Ní àwọn ìlú kéékèèké, ìwé ni wọ́n ṣì ń fi ránṣẹ́, pẹ̀lú owó díẹ̀ nínú àpòòwé. Ọ̀sẹ̀ kan ni ẹ ó fi kọ ọ́: orúkọ ilé iṣẹ́ rédíò, ìgbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí ẹ dáwọ́ dúró, bóyá ilé, mọ́tò tàbí ibi iṣẹ́ ni ẹ wà. Kódà bí ẹ kò bá gbọ́ rédíò lọ́jọ́ kan, ẹ fàmì sí i bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má baà sọ ìwé náà nù. Ojú ìwé kan wà lẹ́yìn rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ tí ẹ bá ní láti sọ. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ orúkọ orin tuntun náà sí, pẹ̀lú lẹ́tà tó hàn.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín,
Houston, Texas.